Àwọ̀n Àlejò

Àrìnpé kò jọ̀wọ́ agbọ̀n náà. Olówòkéré di etí kan mú, òun náà di etí kejì mú, edé tútù sì ń já bọ́ sórí pákó èbúté láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá rí àgbàlagbà méjì tó ń fa agbọ̀n mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè lè rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò ṣeré rárá.

"Ìyá Moríkẹ́, ẹ fi sílẹ̀."

"Ọkọ mi, ìwọ ni kí o fi sílẹ̀. O ti wọ aṣọ ìjọsìn, omi ẹja kò sì mọ aṣọ ìjọsìn yàtọ̀."

Olówòkéré wo aṣọ funfun ara rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ agbọ̀n.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, òun sì ni bàbá ìjọ ní Òbè-Ọlálẹ́yẹ, abúlé orí omi tí bàbá bàbá wọn tẹ̀ dó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni Olówòkéré nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé Àrìnpé wá láti apá Màhín gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Lóòótọ́, ọkọ ni gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, Àrìnpé sì ń pè é lọ́kọ láti ọgbọ̀n ọdún wá. Ṣùgbọ́n ọkọ tí ènìyàn ti ki ìka bọ̀ lọ́fun rí, tó bá a yọ eegun ẹja, tó sì nu ikun imú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rù rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bani.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Olówòkéré wí, ó ń fi aṣọ-ìnujú nu ọwọ́. "Àlùfáà àgbà ń bọ̀ láti Òkìtìpupa. Mo ti kọ̀wé sí i pé ìdílé wa ni yóò kọ́kọ́ jáde síwájú pẹpẹ. Kí ni kí n wá gbé jáde? Ẹja ọdún yìí kò sí. Ohun tó wà nínú agbọ̀n yìí nìkan ló kù."

"Ohun tó wà nínú agbọ̀n yìí kì í ṣe tiwa. O sì mọ̀."

Ó mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ létí omi, láti Òbè títí dé Ìgbókòdá. Àwọ̀n tí ilé Ọlálẹ́yẹ bá jù kẹ́yìn lọ́dún, nígbà tí àsìkò edé bá ń parí, àwọ̀n àlejò ni. Ọlálẹ́yẹ fúnra rẹ̀ ló fi lélẹ̀. Ìjì gbé e lọ sójú agbami nígbà èwe rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú ọkọ̀ tó ti fọ́, nígbà tí omi sì dà á sí etí ilẹ̀ kan tí kò mọ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí gbé oúnjẹ fún un kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó ní ẹja àwọ̀n kan lọ́dún, ilé òun kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Kí wọ́n sè é, kí wọ́n gbé e dúró létí omi, kí wọ́n sì na àjẹ̀ dá ọkọ̀ tó bá ń kọjá dúró. Wọn kò ní í bi ẹni tó ń jẹun ní orúkọ. Wọn kò ní í gba ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ará ilé tó bá sì fi ẹnu kàn án ti pe ara rẹ̀ ní àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀. Moríkẹ́, ọmọ Àrìnpé, lá ṣíbí ọbẹ̀ náà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá rẹ̀, tí kì í na ọmọ, gbá a létí.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, tí wọ́n sì mú Ìkórè wá, Fágbèmí ọkọ Àrìnpé kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Láàárọ̀ kùtù, á bọ́ àlejò létí omi. Tí agogo bá lù, á wọ aṣọ, á lọ dúpẹ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, ni yóò wí, á sì fi kún un pé inú òun fẹ̀ tó, ó gba ọpẹ́ méjì.

Òkun gbé Fágbèmí lọ ní oṣù méje sẹ́yìn. Ó dá ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó dá àjẹ̀ kan padà, kò dá òun padà. Ọdún kejì tí wọ́n dé ọba Gẹ̀ẹ́sì tuntun ládé nìyẹn, àwòrán ọba náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, Olówòkéré ló kàn án mọ́bẹ̀. Òun náà ló sì kéde lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkùnrin kankan nínú ilé kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n àlejò mọ́. Nítorí náà, àwọn obìnrin ló jù ú. Àrìnpé àti Moríkẹ́ wọ inú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ju àwọ̀n náà bí ẹni ń ju aṣọ sórí okùn, ó lọ́ mọ́ wọn lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Edé agbọ̀n kan àti ẹja ọ̀bọ̀kún mẹ́rin ni wọ́n rí, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó dé. Olówòkéré ti dúró dè wọ́n lórí pákó.

"Gbogbo ọdún tí ẹ fi bọ́ àlejò," ó wí nísinsìnyí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, "ṣé ó gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ òkun?"

Àrìnpé gbójú sókè wò ó. Àṣé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

"A kò fi ra òkun, ọkọ mi. Ọpẹ́ la fi ń dá."

"Ọpẹ́ kí ni? Kí ló kù?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ìyàwó lẹ jẹ́ níbí. Ọkọ yín ti lọ. Àṣà ilé wa kì í ṣe ẹrù yín mọ́. Èmi ni mo kù tí mo lè sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, mo sì ti ní ó parí. Bí ẹ bá dáná sí ìkòkò yẹn lónìí, n kò ní í pe orúkọ Fágbèmí."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wà á lọ.

Ohun tí Àrìnpé ti ń dúró dè láti oṣù méje ló gbé lọ yẹn. Lọ́jọ́ Ìkórè, bí wọ́n bá pe ìdílé kan síwájú pẹpẹ, wọ́n á pe orúkọ ẹni tó kú nínú wọn lọ́dún náà, gbogbo ìjọ á sì dìde dúró. Fágbèmí kò ní sàréè. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbin òdòdó sí, kò sí ibi tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé òun nìyí. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu bàbá ìjọ àti ìró ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó ń dìde, ìyẹn ni Àrìnpé kà sí ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yẹn lórí ẹní rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ó jókòó sórí pákó pẹ̀lú agbọ̀n náà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó lẹ jẹ́ níbí. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun, kò sì sí ẹni tí yóò ki ìka bọ̀ ọ́ fún òun.

"Moríkẹ́," ó wí, "dáná."

Moríkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ti tó ogún ọdún ni, ó gbọ́n, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìyá, orúkọ bàbá mi ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ohun tó wí."

"Wọn kò ní í pè é."

"Mo ní mo gbọ́. Bí bàbá rẹ bá wà níbí, èwo nínú méjèèjì ló máa ní ká fi sílẹ̀?"

Moríkẹ́ yí padà. Ó lọ dáná.

Wọ́n se ọbẹ̀ náà bó ṣe yẹ, wọn kò fi ohunkóhun dù ú. Àrìnpé kò tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé òun náà kò tọ́ ọ wò rí láti ọgbọ̀n ọdún. Ojú ló fi ń díwọ̀n rẹ̀, àti imú. Moríkẹ́ ro púpurú ẹ̀gẹ́, ó sì fi ewé dì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ata àti epo parapọ̀ mọ́ edé, inú Àrìnpé kígbe. Kò tíì jẹun láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ilé ọ̀tún ti gbé àwo ẹja yíyan kan wá láàárọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e wá láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti ṣí i.

Agogo lù. Nígbà náà ni Àrìnpé rí àṣìṣe rẹ̀.

Fágbèmí kì í jẹ́ kí agogo bá ìkòkò lórí iná. Kí oòrùn tó yọ, nígbà tí àwọn alájàpá ṣì ń kọjá lọ sí Ìgbókòdá, ó ti bọ́ gbogbo àlejò rẹ̀ tán. Àwọn obìnrin méjì tí àwọ̀n lọ́ mọ́ra lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò dé etí omi, wọ́n rí ọkọ̀ àwọn ará abúlé tó ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tàwọn ti iṣu àti ògẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rà wá láti òkè. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe àlejò. Lẹ́yìn wọn, omi pa rọ́rọ́. Wọ́n dúró títí. Ẹyẹ kan bà lé ọ̀pá, ó wò wọ́n, ó fò lọ. Àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀, ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí òkété bá kọ̀ tí kò jáde.

Bí alẹ́ bá lẹ́ láìsí àlejò, wọ́n gbọ́dọ̀ da oúnjẹ náà sómi. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti ayé Ọlálẹ́yẹ. Àrìnpé mọ ohun tí Olówòkéré yóò wí bó bá ṣẹlẹ̀, ó tilẹ̀ mọ bí yóò ṣe mirí nígbà tó bá ń wí i.

"Gbé ìdí ìkòkò," ó sọ fún Moríkẹ́. "Ó ń wọ ọkọ̀."

"Níbo là ń lọ?"

"Ibi tí àwọn ènìyàn wà."

Orí ìtí igi ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Òbè lé, níbi tí odò ti pín sí méjì, ẹni tó bá ń lọ ibikíbi kò lè ṣe kó má gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àrìnpé ti ọ̀pá bọ ẹrẹ̀ ní iwájú àkàsọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ó sì so ọkọ̀ mọ́ ọn. Ìyá kan yọjú lójú fèrèsé, ó rí ìkòkò, ó fa orí padà wéré.

Ọkọ̀ gígùn tó gbé àlùfáà àgbà wá wà nítòsí, lábẹ́ òjìji ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin Ìjọ́ mẹ́rin láti Àrògbò, tí wọ́n wà á, jókòó sínú rẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, òógùn ti gbẹ di iyọ̀ lára wọn. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ bọ̀. Àlùfáà ti gbàdúrà fún wọn kó tó gòkè lọ, àdúrà rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n àdúrà kì í ṣe púpurú.

Àrìnpé fẹ́ pè wọ́n. Nígbà náà ló gbọ́ ohùn Olówòkéré láti inú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìdílé Ọlálẹ́yẹ."

Ó di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Moríkẹ́ di etí ọkọ̀ mú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ohun gbogbo dákẹ́ díẹ̀, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, Àrìnpé sì rò pé bóyá, bóyá ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Ẹnì kan wúkọ́.

"Ìdílé Kọ́lájọ," ni Olówòkéré wí.

Kò pe Fágbèmí, kò sì sí ẹni tó dìde fún un. Ó dun Àrìnpé débi pé ó ní láti jókòó. Moríkẹ́ ń sunkún, kò pariwo, omi ojú kàn ń ṣàn lọ ni. Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀, ó nu ti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì dìde. Bó bá jẹ́ iye tí wọ́n fẹ́ kó san nìyẹn, ó ti san án. Ó kù kí ó rí ohun tó san án fún.

"Ẹ̀yin tó wà nínú ọkọ̀ yẹn!" Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó na àjẹ̀ síwájú ọkọ̀ wọn. "Ẹ má lọ o. Ẹ wá jẹun."

Àwọn Ìjọ́ náà wo ara wọn. Wọn kò lọ ibì kankan tẹ́lẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Màmá, ta ló ní kí o fún wa?"

"Ẹni tó ti kú tipẹ́. Ẹ súnmọ́bí."

Wọ́n súnmọ́ ọn. Ó bu ọbẹ̀ sínú àwo, Moríkẹ́ ń tú púpurú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ àfi àwo. Èyí àgbà gbé ojú sókè, epo wà lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, a dú..."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Jẹun."

Ọbẹ̀ edé kì í bọ̀wọ̀ fún ìwàásù. Òórùn rẹ̀ gba àlàfo pákó wọlé, ó rìn láàárín àwọn tí kò tíì jẹun láti àárọ̀, àwọn ọmọdé sì ń yọrí lójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà náà ń yọrí. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, Olówòkéré jáde, ó sọ àkàsọ̀ kalẹ̀ dé ibi pákó tó kẹ́yìn, tí omi ń lá.

"Níwájú ilé Ọlọ́run," ó wí, jẹ́jẹ́, nítorí àwọn tó ń wò. "Níwájú àlejò mi. Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Àlejò tìrẹ wà lókè. Tèmi nìyí. Ìwọ ló kó wọn wá, o kò sì rántí pé wọ́n lẹ́nu."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Olówòkéré kò bojú wẹ̀yìn. "Mo ní ó parí."

"Mo gbọ́." Àrìnpé bu ọbẹ̀ kún àwo kan, ó yan ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù sí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "O ní ilé kò ṣe é mọ́. Bí kò bá sí ilé tó ń ṣe é, a jẹ́ pé ìwọ náà kì í ṣe ará ilé náà. Àlejò ni ọ́. Gbà, kí o jẹun. N kò ní í bi ọ́ ní orúkọ."

Olówòkéré gba àwo náà kó tó ronú. Ẹni tí wọ́n bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan fún máa ń gbà á. Ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó mọ ohun tó di mú. Bó bá jẹ ẹ́, ó ti sọ fún gbogbo Òbè pé òun kì í ṣe ọmọ Ọlálẹ́yẹ. Bó bá dà á sómi lọ́jọ́ Ìkórè, lójú àlùfáà tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà báyìí, kí ni yóò wàásù lé lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ó dúró. Èéfín ọbẹ̀ náà ń fẹ́ lu ojú rẹ̀. Àrìnpé rí i tó gbé itọ́ mì, ó sì rí ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn fún ìṣẹ́jú kan, tó máa ń dúró lẹ́yìn Fágbèmí létí omi, tí Fágbèmí máa ń jẹ́ kó bá òun gbé àwo.

"Ẹ kú Ìkórè o!"

Jùbrílù ni, alájàpá tó máa ń kiri iyọ̀ àti abẹ́rẹ́ láti abúlé dé abúlé, ìmàle tí kò ní ohun tó fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ lọ́jà, ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá kíákíá. Ó ti fẹ́ kọjá tán.

Olówòkéré sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Aṣọ funfun rẹ̀ wú yí i ká. Ó mú àjẹ̀ nínú ọkọ̀ Àrìnpé, ó nà án síwájú ọkọ̀ Jùbrílù. Ó gbé àwo fún un.

Jùbrílù wò ó, ó wo Àrìnpé. Ó ti jẹun lọ́wọ́ Fágbèmí rí, lọ́dún púpọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò dúpẹ́. Ó fọ ọwọ́ lódò, ó ní bísímílà, ó sì jẹ ẹja náà tán pátápátá.

Nígbà tó parí, ó gbójú sókè, ó sì ṣàkíyèsí ẹnu Àrìnpé tó ti gbẹ. Ènìyàn rere ni Jùbrílù.

"Ìyá Moríkẹ́, ojú yín ti wọnú. Nǹkan ṣì kù nínú ìkòkò yẹn. Ẹ bu díẹ̀ jẹ. Ìyàwó ilé lẹ jẹ́, ẹ kì í kúkú ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀, kò sí èèwọ̀ fún yín."

Àrìnpé wo ìkòkò. Láti àárọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tí kò rí èsì fún. Èyí kò ní èsì. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ebi sì ń pa á.

"Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́," ni Olówòkéré wí láti inú omi. Kò bojú wo ẹnikẹ́ni. "Ará ulí wa ni."

Ulí ló pè é, bí gbogbo wọn ṣe ń pè é, kì í ṣe ilé bó ṣe máa ń pè é láti ìgbà tó ti di bàbá ìjọ. Ó mú àwo lọ́wọ́ Jùbrílù, ó ṣàn án lódò, ó sì gòkè padà lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń kán tótó.

Oṣù méje ni gbogbo Òbè fi ń fún Àrìnpé ní nǹkan. Wọ́n ń gbé àwo wá, wọ́n ń fún un ní àga, wọ́n ń ní kó máa jẹ́ kí àwọn bá a ṣe é. Ó ti ń dúpẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́, kò sì mọ ohun tó ń dun òun nínú gbogbo oore náà. Òní ni ẹnì kan kọ́kọ́ fi oúnjẹ dù ú, bí ará ilé.

Ó fi ìdérí bo ìkòkò, ó jókòó tì í pẹ̀lú ebi rẹ̀, ó sì ní kí Moríkẹ́ máa wo ọ̀nà omi, bóyá ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀.